Ìwé Tí Mo Kà fún Bàbá Rẹ

Etikan, létí òkun,
Ìgbà òjò, ọdún 1946.

Moríkẹ́ ọmọ mi, ọmọ tí mo bí tí ọsibítù Èkó gbà lọ́wọ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn àwọn aláìsàn, mo sì kí ọ kú ìrìn ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí mo gbọ́ pé ní Èkó ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ dé alẹ́ kí ó má wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ ju ara rẹ yòókù lọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú tí omi kò fi há a nímú yóò ṣọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ tí o ń gún fún ènìyàn kò ní gún ọ. Nọ́ọ̀sì òyìnbó tó ń pàṣẹ fún ọ yóò fẹ́ràn rẹ bí ọmọ tó bí, kò sì ní fẹ́ràn rẹ débi pé yóò gbé ọ lọ sí ìlú wọn. Àmín. Bàdírátù ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ìyàwó Sùlèímánì, èyí tó ń fi ọkọ̀ ta kẹrosíìnì àti iyọ̀ àti àlùbọ́sà láti abúlé dé abúlé, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, Èkó ló ti kọ́ ìwé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má ṣe bá mi tún un ṣe. Bí o bá rí ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń rín, n kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, ìwé tí o dì mọ́ ọn náà dé. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé n kò mọ̀ pé o ti ga tó bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí mo rí orí ọkùnrin kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú lẹ́tà rẹ, mo bi Lawrence katikíìsì pé ta nìyí, ó ní Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo jókòó. Mo ní ọba fúnra rẹ̀ ló fi orí sí i pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi wá fún mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lè sọ ọ́. Mo gbé lẹ́tà náà káàkiri àdúgbò kí n tó jẹ́ kí ó kà á fún mi, kò sí ilé tí n kò fi ọba hàn. Ohun kan ló dùn mí níbẹ̀: ẹnì kan ti gbá òǹtẹ̀ dúdú mọ́ ọba lójú. Mo fi omi nù ún, kò ṣí. Bí o bá mọ ẹni tó wà ní pósófíìsì, kìlọ̀ fún un kí ó tó fa wàhálà bá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló kù. Ìwọ náà mọ bí ilé ti rí láti ìgbà tí òkun ti gba Olówòkéré, àbúrò bàbá rẹ, tí bàbá rẹ nìkan fi ìdí ọkọ̀ tó dojú dé gúnlẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tó dùn ún ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A ní kí ó jẹun, ó tọ́ ọ wò. A ní kí ó sùn, ó dùbúlẹ̀ la ojú sílẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó kọjú sí ògiri. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti Adétutù, ìyàwó Olówòkéré. O mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tó bá ti ojú omi bọ̀ láìsí ẹnìkejì rẹ̀, òun nìkan ló lè sọ fún opó bí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́. Adétutù ṣọ̀fọ̀, ó ṣe é tán, ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì tíì gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Òun ló ń gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ láràárọ̀, bàbá rẹ á gbà á, kò ní wo ojú rẹ̀. Èmi á wà láàárín wọn, n ó máa sọ̀rọ̀ òjò.

Ìgbà náà ni ìwé rẹ wá dé. Lawrence ka lẹ́tà náà fún mi lórí ìdúró, nítorí ọkọ̀ ń dúró dè é, ó ní o sọ pé ní ọsibítù tí o wà, àwọn sójà tó ti ogun Bọ́mà bọ̀, tí wọ́n ń ta gìrì lójú oorun, tí àwọn mìíràn kò lè sọ̀rọ̀, ìwé ni ẹ ń kà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́, ọkàn wọn sì ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí àwa náà máa ka èyí fún Bàbá. Ó fò sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Moríkẹ́, o mọ̀ pé n kò mọ ìwé. Mo wá rò ó pé ọmọ tí mo bí kò lè ní kí n ṣe ohun tó mọ̀ pé n kò lè ṣe, nítorí náà kíkà tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń ka ẹja, kíkà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ mi. Bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, n ó tan àtùpà, n ó fa àpótí mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ, n ó gbé ìwé lé itan, n ó sì máa ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, pẹ̀lú ohùn òkè bí a ti ń ka ẹja sínú agbọ̀n àwọn oníbàárà, títí n ó fi kà á dé ẹ̀yìn rẹ̀. N kì í fo ọ̀kan, nítorí oògùn tí a kò bá lò pé kì í jẹ́. Bí mo bá ṣe é tán, n ó pa ìwé dé, n ó kí bàbá rẹ pé ó kú ìgbọ́. Kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ kejì n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìrì òkun ti lẹ ewé méjì pọ̀, n kò mọ̀, mo kà wọ́n ní ọ̀kan, mo ń lọ. Bàbá rẹ kò yíjú kúrò lára ògiri, ó ní méjì ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ìta ni ohùn náà ti wá. Mo bi í pé kí ló wí. Ó ní méjì nìyẹn, kí n là á. Ọmọ mi, mo là á, méjì ni lóòótọ́. Mo kà á parí kí oògùn má baà bàjẹ́, lẹ́yìn náà mo jáde sórí pákó tí a ti ń fọ abọ́, mo sunkún níbẹ̀, mo bọ́jú, mo padà wọlé bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà. N ó fo ẹ̀jọ, bàbá rẹ yóò ní ẹ̀jọ dà. N ó ka ẹ̀sán lẹ́ẹ̀mejì, yóò mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní abájọ tí àwọn oníṣòwò Ẹ̀pẹ́ fi ń rẹ́ mi jẹ. Inú mi dùn sí èébú náà ju aṣọ tuntun lọ.

Mo ń yangàn kiri pé ọmọ mi fi ìwé tó ń la ẹnu ránṣẹ́, àfi ìgbà tí Bàdírátù wá so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé wa nínú omi, tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní ṣé kò rí i ni, mò ń ka ìwé fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́ sínú omi, àjẹ̀ ló fi wọ́ ọ jáde. Ó ní a kì í ka ewé ìwé bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń kà. Mo ní báwo ni kíkà yóò ṣe jẹ́ oríṣi méjì, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ó fẹ́ kí ojú tì mí, kò tì mí. Mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún ìwọ náà, pé kíkà tèmi ló kọ́kọ́ la bàbá rẹ lẹ́nu, kí o sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì òyìnbó yẹn, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún àwọn sójà tí ìwé kíkà tiwọn kò bá ràn.

Báyìí ni Bàdírátù bẹ̀rẹ̀ sí í wá kà á. Yóò kírun ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ tán lórí pákó ìta, yóò wọlé, èmi yóò bu ẹja fún un, yóò sì ṣí ìwé. Àṣé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lájọ ló wà nínú rẹ̀. Télọ̀ ni, ó fi ìyàwó sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ó lọ sí Èkó, ó sì ń purọ́ fún àwọn àna rẹ̀ pé òun ti di akọ̀wé ìjọba. Àwọn àna bá dìde láti wá kí i ní ọ́fíìsì. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà gbóná. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n ń gbé àpótí wá láti ilé wọn, àwọn tó wà lódìkejì ń wa ọkọ̀ wá, a kò ráyè na ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní Kọ́lájọ kò jẹ̀bi, pé Èkó ló ń sọ ènìyàn dà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kò ní ba ara rẹ̀ jẹ́ lóko. Ó yíjú kúrò lára ògiri láti lè rí ẹni tó ń bá a jiyàn dáadáa, kò sì tún yí i padà mọ́.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kọ́lájọ ń gbé, nítorí náà mo rò pé ìwọ náà ti ní láti máa rí i. Agbọ̀n tó ń bá lẹ́tà yìí bọ̀, ẹja ṣáwá yíyan ló wà nínú rẹ̀, ìdajì jẹ́ tìrẹ, kí o gbé ìdajì lọ fún un, kí o sọ fún un pé a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní Etikan, kí ó ṣíwọ́ irọ́ pípa. Bàdírátù ní kò sí Kọ́lájọ kankan, ó ní ẹnì kan ló jókòó ro ó. Mo ní kí ó kọ ohun tí mo wí. Ta ni yóò jókòó ro gbogbo ìyẹn tí kò bá rí i?

Kí n tó gbàgbé, òjò jò lu ìwé náà. Ó rin gbindin. Mo rò ó pé ohun tó bá ti rin kò ju iná lọ, mo bá tò ó sórí àtẹ lókè ààrò láàárín àwọn ṣáwá, mo fi iná jẹ́jẹ́ yan án, mo ń yí i bí ẹni ń yí ẹja. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó gbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kòkòrò kò sún mọ́ ọn mọ́, bí Bàdírátù bá sì ṣí i báyìí òórùn ẹja yíyan á gba ilé kan. Bàbá rẹ ní wọn kì í kà á tán kí ebi tó máa pa òun. Ó ti ń jẹun, ọmọ mi, ó ń bèèrè àfikún.

A wá dé ibì kan nínú ìwé náà. Ìyàwó Kọ́lájọ kó iyùn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lé Kọ́lájọ lọ́wọ́ pé kí ó bá òun gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tún un sín. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú odò níbi tó ti ń wọ ọkọ̀. Ó padà délé, kò sọ. Ó jẹun, ó sùn, ó jí, kò sọ. Ìyàwó náà kò bèèrè. Ibẹ̀ ni kẹrosíìnì tán sí, Bàdírátù pa ìwé dé. Bàbá rẹ bínú. Ó ní òmùgọ̀ ni Kọ́lájọ, ó ní kí ló dé tí kò la ẹnu. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń bà á, pé ó mọ̀ pé obìnrin náà yóò bínú. Adétutù wà lẹ́bàá ààrò tó ń yí ẹja, kò dá sí ọ̀rọ̀ Kọ́lájọ rí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, òun ló wá dáhùn. Ó ní ìyàwó Kọ́lájọ kò bínú. Ó ní ìyẹn ti mọ̀ pé iyùn kò sí mọ́, bí ó ṣe bọ́ àti ibi tó bọ́ sí ló fẹ́ gbọ́, kí ó lè mọ apá ibi tí òun yóò máa wò. Ó sì tún ẹja mìíràn yí.

Bàbá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi pé ó ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo bínú sí Kọ́lájọ, mo bínú sí ìwé, mo bínú sí ìwọ náà díẹ̀, jọ̀wọ́ má wo tèmi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàdírátù ń kírun lọ́wọ́ nígbà tí bàbá rẹ na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé ìwé wá. Ó ní kí Adétutù fi ẹja sílẹ̀, kí ó wá jókòó síwájú òun. Ó ṣí ìwé, ó gbé e dí ojú tó fi jẹ́ pé irun orí rẹ̀ nìkan la rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ mi, orí mi wú. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé kí a tó bí ọ, n kò mọ̀ pé ó mọ ìwé. Ó kà á pé òkun rọ̀ lọ́jọ́ náà, pé Olówòkéré ń kọ orin tí kò mọ̀ ọ́n kọ bí ìṣe rẹ̀, pé ìgbì kan tó dìde lẹ́yìn wọn níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n ló dojú ọkọ̀ dé. Ó kà á pé àwọn méjèèjì di ìdí ọkọ̀ mú, pé Olówòkéré ní abọ́ oúnjẹ púpùrú tí Adétutù dì fún àwọn ti rì, abọ́ tuntun, pé bí òun bá délé ìjà ni, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín nínú omi. Ó kà á pé òtútù mú wọn. Ó kà á pé ọwọ́ àbúrò òun ń tú, òun na ọwọ́ sí i, òun dì í mú, ó bọ́, òun tún na ọwọ́, òun kò bá nǹkan kan. Ó kà á pé òun pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn òun fi há, pé òun kò fi ibẹ̀ sílẹ̀, omi ló gbé òun kúrò.

Adétutù sunkún, a kò sì dá a lẹ́kun. Ó pẹ́ kí ó tó fi etí ìró nu ojú. Ó ní òótọ́ ni, òun ìbá bá a jà nítorí abọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí bàbá rẹ tún ibi abọ́ kà, bàbá rẹ sì tún un kà fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

N kò mọ bí ẹ ti ṣe é. N kò mọ bí àwọn tó tẹ ìwé ní Èkó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Olówòkéré tí ìdílé rẹ̀ gan-an kò gbọ́, ṣùgbọ́n kí o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bàdírátù gba ìwé náà yẹ̀ wò, ó ní òun kò rí i níbẹ̀, ó tún ní bàbá rẹ dorí ìwé kodò, pé Kọ́lájọ tó wà nínú àwòrán iwájú ìwé náà, orí ló fi dúró. Mo ní kí ló kàn án níbẹ̀, ẹni tó ń kà á ló mọ ibi tó wà. Kò rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kọ èyí, mo wo ojú rẹ̀.

Ọmọ ẹlòmíràn fi agbòòrùn ránṣẹ́ sílé, ọmọ ẹlòmíràn fi bàtà. Ọmọ tèmi ló fi ìwé ránṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, tí opó fi gbọ́ ti ọkọ rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá, bí wọn kò tilẹ̀ bèèrè. Bàbá rẹ ti kọjú sí òkun báyìí, ó ń tún àwọ̀n ṣe, Adétutù ń bá a fa òwú, àwọn méjèèjì ń ṣàròyé lórí Kọ́lájọ.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún kẹrosíìnì, nítorí èrò pọ̀, Bàdírátù kò sì lè máa fi ọjà rẹ̀ tanná fún wa títí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìyẹn. Tún bá wa ra ìwé mìíràn. Bàbá rẹ ní kí o wá èyí tí wọn kò kọ nǹkan kan sí nínú, pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú èyí ń dí òun lójú, èyí tí òun fẹ́ kà fún Adétutù sì kù púpọ̀. Mo rò pé irú rẹ̀ kò ní wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan sí i.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣọ́ ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Omi kò ní gba tìrẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wà nínú ìwọ náà, o kò ní ṣaláìrí ẹni tí yóò jókòó síwájú rẹ gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni yèyé rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Ọmọ́yẹlé.